Ṣé Mọ́tò-Ilé Lè Ṣiṣẹ́ Ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀? Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Kó Ìdílé Yín Jáde

Ẹ ti rí i lórí fóònù yín, ẹ má parọ́ fún mi. Ìdílé Yorùbá kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé ọkọ̀ gàgàrà kan dúró lẹ́bàá adágún omi. Ìyá ń din dòdò nínú ọkọ̀ yẹn, bàbá ń na ẹsẹ̀ níta, àwọn ọmọ ń yọjú láti orí bẹ́ẹ̀dì tó wà lókè orí dírẹ́bà. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n kó àga wọn, wọ́n gbéra, ó di orí òkè kan tó jìnnà réré. Bí irú fídíò bẹ́ẹ̀ bá ti jáde báyìí, ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé irú èyí ò lè ṣeé ṣe lọ́dọ̀ wa ni?"

Ìdáhùn mi rèé. Ọkọ̀ tó tún jẹ́ ilé, ó ṣòro lọ́dọ̀ wa. Ìrìn àjò yẹn fúnra ẹ̀ ṣeé ṣe, pàápàá tó bá jẹ́ pé Ọ̀wọ̀ lẹ ti máa gbéra. Àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó sì ní ibi tí mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ sùn sí lásìkò yìí. Mo ti kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí. Ẹ tọ́jú ẹ̀, ẹ máa padà wá wò ó nígbà tí ìsinmi bá dé.

KÍ NI MỌ́TÒ-ILÉ, KÍ LÓ SÌ DÉ TÍ Ò FI WỌ́PỌ̀ NÍBÍ?

Mọ́tò-ilé ni ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ bẹ́ẹ̀dì, ibi ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́ sínú ẹ̀. RV làwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Òmíràn ní ẹ́ńjìnnì tiẹ̀, òmíràn sì wà tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn kó máa wọ́ ọ lọ.

Ọkọ̀ yẹn nìkan kọ́ ni àṣírí ibẹ̀. Ibi tí wọ́n ń gbé e dúró sí gan-an ni. Lọ́dún 1962, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dave Drum àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣí ibùdó kan sílẹ̀ ní ìlú Billings, ní ìpínlẹ̀ Montana, fáwọn arìnrìn-àjò tó ń kọjá. Ibùdó yẹn ló di KOA, tó ti ní ju 500 ibùdó lọ lónìí. Ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá ti sanwó, wọ́n á fi ààyè yín hàn yín. Ẹ̀rọ omi wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀ tí ẹ máa so ọkọ̀ yín mọ́, ihò kan sì wà tí ẹ máa da ìdọ̀tí ilé ìyàgbẹ́ ọkọ̀ yín sí. Ẹnìkan ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ìdílé mìíràn wà lápá ọ̀tún yín àti lápá òsì.

Ẹ wá gbé ọkọ̀ yẹn wá sí Ọ̀wọ̀. Níbo lẹ ti máa so ó mọ́ iná? Iná wo? Tó bá di ọjọ́ kẹta, táńkì ìdọ̀tí á ti kún dẹ́nu, ẹ ò sì ní ríbi dà á sí àfi inú igbó onígbó, ìyẹn sì lè dá ìjà sílẹ̀. Ọkọ̀ tó ga tó bẹ́ẹ̀ á máa gbá ẹ̀ka igi àti wáyà iná láwọn òpópónà wa. Gbogbo ibi tí ọlọ́pàá bá ti dá ọkọ̀ dúró ni wọ́n á ti ní kí ẹ ṣílẹ̀kùn káwọn wo inú ẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé kò sẹ́ni tó máa gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì lálẹ́, tó máa wá sùn sínú ẹ̀ tọmọtọmọ. Ìdí ẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

ÀWA NÁÀ Ń SÙN NÍ KẸ́ǸPÙ O

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé Yorùbá ò mọ bí wọ́n ṣe ń sun ìta. Ta ni ò tíì lọ sí kẹ́ǹpù ṣọ́ọ̀ṣì rí? Ẹní, kúlà oúnjẹ, sítóòfù, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, bọ́kẹ́ẹ̀tì ìwẹ̀, gbogbo ẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kan, ìdílé mẹ́ta lórí ara wọn. Ibi tí ìjọ Ìràpadà ń lò lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kẹ́ǹpù ni wọ́n ń pè é kó tó di ìlú ńlá. Àwọn àgùnbánirọ̀ tí wọ́n bá pín sí ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ìkàrẹ́-Àkókó ni wọ́n ti ń ṣe kẹ́ǹpù tiwọn. Ní Ìkogòsì lápá Èkìtì, àwọn Onítẹ̀bọmi ti ń kó ọ̀dọ́ lọ síbi omi gbígbóná ọjọ́ ti pẹ́.

Nítorí náà, èrò yẹn kì í ṣe àjèjì. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwa máa ń sùn síbi tí èèyàn pọ̀ sí, tí a mọ onílé, tí géètì wà. Àṣà tó dáa nìyẹn, òun náà sì ni màá fi la ọ̀nà yìí sílẹ̀ fún yín: ọ̀sán ni ká rìn, tó bá dalẹ́ ká wọlé síbi tó ní onílé.

ỌKỌ̀ WO LÓ DÁA?

Fún ìdílé èèyàn márùn-ún sí méje, Sienna tó. Tí ìdílé méjì bá fẹ́ lọ pọ̀, bọ́ọ̀sì Hiace ni, kí ẹ yọ ìjókòó ẹ̀yìn kan kí ẹrù lè ráyè. Ẹ má kó ẹrù sórí ọkọ̀ tí ẹ bá ń lọ sí Ìdànrè tàbí Èkìtì, nítorí ọ̀nà òkè ni, ìyíwọ́ sì pọ̀ níbẹ̀.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò:

• Bíréèkì. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú u wò, kó má kàn fi ẹnu sọ ọ́. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, jíà kékeré ni kí ẹ fi sọ̀, ẹ má tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ títí táá fi máa rùn.
• Táyà mẹ́rin àti táyà ìpààrọ̀. Ẹ fọwọ́ tẹ táyà ìpààrọ̀ yẹn kí ẹ rí i pé afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀. Ẹ yẹ jáàkì àti sípánà ẹ̀ náà wò.
• Omi rédíétọ̀, epo ẹ́ńjìnnì, bátìrì, iná iwájú àti ti ẹ̀yìn.
• Ìwé ọkọ̀ àti láìsẹ́nsì dírẹ́bà. Ẹ ya fọ́tò wọn sórí fóònù.
• Pawa báńkì, tọ́ọ̀ṣì, okùn, àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì, òògùn ibà, omi iyọ̀ ìgbẹ́ gbuuru fáwọn ọmọ.
• Owó lọ́wọ́. POS wà káàkiri, àmọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lè sọ pé òun ò ṣiṣẹ́ lónìí.
• Oúnjẹ tí kì í tètè bàjẹ́: gàrí, ẹ̀pà, bísíkíìtì, ẹyin sísè, omi mímu tó pọ̀.

Mo mẹ́nu ba táyà ìpààrọ̀ nítorí ohun tójú mi ti rí. Ní oṣù Ọ̀pẹ kan báyìí, mo háyà bọ́ọ̀sì láti kó àwọn ọmọ àtàwọn ìbátan lọ sí Ìdànrè. Nígbà tí à ń bọ̀, táyà bẹ́ lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. A fa táyà ìpààrọ̀ jáde, ó rọ̀ bí àkàrà àná. Dírẹ́bà ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Àwọn àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀ ló bá wa wá fọkanáísà, wọn ò sì kúrò lọ́dọ̀ wa títí tó fi parí. Ọ̀kan nínú wọn, bàbá àgbàlagbà, sọ fún mi wọ́ọ́rọ́ pé, "Ọmọ mi, ẹ má tún jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín níbí mọ́." Mi ò tíì gbàgbé ohùn yẹn. Ẹ̀bi mi ni, èmi ni mi ò yẹ ọkọ̀ wò, èmi náà ni mo jẹ́ kí àwọn ọmọ pẹ́ lórí òkè.

ÀWỌN IBI TÍ Ẹ LÈ DÉ

1. Ọ̀wọ̀ fúnra ẹ̀

Oríta ni Ọ̀wọ̀. Ọ̀nà Àkúrẹ́, ọ̀nà Ìkàrẹ́ àti ọ̀nà Ìfọ́n tó lọ sí Bìní, gbogbo wọn pàdé níbẹ̀. Ẹ lo ọjọ́ kan níbẹ̀ kí ẹ tó lọ síbì kankan.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ààfin Ọlọ́wọ̀. Ààfin yìí wà lára àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ìjọba àpapọ̀ ń dáàbò bò, àgbàlá inú ẹ̀ sì pọ̀ débi pé wọ́n máa ń pè é ní ọgọ́rùn-ún. Ọba Ajíbádé Gbádégẹṣin Ògúnoyè Kẹta ló wà lórí ìtẹ́ láti ọdún 2019. Ẹ má kàn já wọlé o. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìjòyè tàbí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ẹ wọṣọ tó bójú mu, kí ẹ sì béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò.

Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀ láti ọdún 1968. Láàárín ọdún 1969 sí 1971 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbó'Lájà ní ìlú Ọ̀wọ̀, tó sì rí àwọn ère amọ̀ tí wọ́n ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ọnà sọ pé ère yẹn jọ ti Ifẹ̀ lápá kan, ó sì jọ ti Bìní lápá kejì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé àárín ìlú méjèèjì yìí gan-an ni Ọ̀wọ̀ wà, kò sì jókòó lásán síbẹ̀.

Tó bá jẹ́ oṣù Kẹsàn-án lẹ wá, ẹ lè bá ọdún Igogo. Ọjọ́ 17 ni wọ́n fi ń ṣe é, ní ìrántí Ọ̀rẹnsẹ́n tó jẹ́ olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n. Kò sẹ́ni tó ń lu ìlù lásìkò yẹn, agogo ni wọ́n ń lù, ibẹ̀ náà ni orúkọ ọdún yẹn ti wá. Ọlọ́wọ̀ máa ń di irun, á sì wọ iyùn. Àlejò gbọ́dọ̀ béèrè òfin ọjọ́ yẹn lọ́wọ́ onílé: ó ní ìgbà tí wọn kì í dé fìlà, tí wọn kì í sì í wé gèlè.

2. Ìfọ́n àti agbègbè Ọ̀sẹ̀

Ìfọ́n ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀. Odò tó ń jẹ́ orúkọ yìí náà ló ń ṣàn gba apá ibẹ̀ kọjá sí ilẹ̀ Ẹdó. Láti Ọ̀wọ̀, ẹ máa gba Ìpele, ẹ máa kọjá ní Ẹlẹ́gbẹ́ka, kí ẹ tó dé Ìfọ́n. Ìdó-Àní náà wà ní Ọ̀sẹ̀. Ilẹ̀ yìí jẹ́ ibi tí igbó ti ń pàdé ọ̀dàn. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ wọn dáa púpọ̀, igbó ọba sì wà níbẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ẹranko.

Bí ayé bá rí bó ṣe yẹ, ibí ni ibùdó mọ́tò-ilé àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ì bá wà: odò, igbó, ẹyẹ, ilẹ̀ tó tẹ́jú. Àmọ́ ẹ dúró kí ẹ ka ọ̀rọ̀ ààbò nísàlẹ̀ kí ẹ tó yíjú síbẹ̀.

3. Òkè Àkókó

Láti Ọ̀wọ̀, ọ̀nà Ìkàrẹ́ máa gbé yín kọjá ní Ọ̀bà-Àkókó àti Àkùngbá, níbi tí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Ajásin tí wọ́n fi sọ ọ́, òun ló jẹ́ gómìnà Oǹdó láti 1979 sí 1983. Àpáta wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì yín títí. Ní Ọ̀ka-Àkókó, Òkè Màríà wà níbẹ̀, níbi táwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ti ń gòkè lọ gbàdúrà. Ẹni tí kì í ṣe Àgùdà náà lè lọ wo ilẹ̀ láti òkè, kó ṣáà má pariwo.

4. Òkè Ìdànrè

Èyí ni ọba gbogbo wọn. Láti Àkúrẹ́, kò ju nǹkan bí ogún kìlómítà lọ. Àtẹ̀gùn 682 ni wọ́n ń kà síbẹ̀, ibi ìsinmi márùn-ún ló sì wà lójú ọ̀nà. Lókè, ẹ máa rí ìlú àtijọ́ táwọn ará Ìdànrè gbé fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sísàlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Ààfin Ọ̀wá àtijọ́ wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀, ilé ìwé wà níbẹ̀. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ Agbóògùn hàn yín lára àpáta, wọ́n á sì fi àmì tí ẹnikẹ́ni ò tíì lè kà hàn yín. Láti ọdún 2007 ni ibẹ̀ ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO pé àwọn fẹ́ kó di ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, orúkọ yẹn ṣì wà lórí ìwé ìdúródè.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún kí oòrùn tó mú. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ni, kì í ṣe sálúbàtà. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn lè dúró sí ibi ìsinmi kejì, ibẹ̀ náà dáa. Ẹ mú afinimọ̀nà tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀, ẹ má dá nìkan rìn lórí àpáta.

5. Ihò Eléérú, ní Ìsarùn

Ọdún 1965 ni Thurstan Shaw àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ rí egungun èèyàn kan nínú ihò yìí. Nígbà tí wọ́n ṣàyẹ̀wò ẹ̀, ó ti tó nǹkan bí 13,000 ọdún. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: wọ́n ti sin èèyàn síbẹ̀ kí ìlú kankan tí a mọ̀ lónìí tó wà. Inú igbó ni, ọkọ̀ ò dé ẹnu ihò, nítorí náà Ìsarùn ni kí ẹ ti wá ẹni tó máa mú yín lọ. Kì í ṣe ibi tí ẹ máa kó ọmọ kékeré lọ.

6. Ìkogòsì, Arìnta àti Olúmirìn

Ní Ìkogòsì-Èkìtì, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọ́n fi pàdé. Kí àwọn ọmọ ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ọ̀kan, kí wọ́n ki ẹsẹ̀ òsì bọ èkejì, ẹ ò ní gbàgbé ẹ̀rín wọn. Lọ́dún 1952 ni ìròyìn ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn nípasẹ̀ oníwàásù Onítẹ̀bọmi kan tó ń jẹ́ John McGee, àmọ́ àwọn onílẹ̀ ti mọ omi wọn tipẹ́. Ilé tí wọ́n ń sùn wà nínú ọgbà yẹn, òun ló sì súnmọ́ ibùdó ìdílé tí ẹ̀ ń rí lórí fóònù jù lọ ní gbogbo ọ̀nà yìí.

Ìsun omi Arìnta wà ní Ìpólé-Ilọ́rọ̀, kò jìnnà sí Ìkogòsì. Olúmirìn wà ní Erin-Ìjẹ̀ṣà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìpele méje ni omi yẹn ní. Ìpele kìíní ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń dé, ó sì tó. Láti ìpele kejì sókè, àpáta ń yọ̀, ẹ má jẹ́ kí fọ́tò pa yín.

ÈTÒ ỌJỌ́ MẸ́RIN

Ọjọ́ kìíní: Ọ̀wọ̀. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé láàárọ̀, ààfin lọ́sàn-án, iyán ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ sùn ní Ọ̀wọ̀.

Ọjọ́ kejì: Ẹ kúrò ní Ọ̀wọ̀ ní aago méje àárọ̀. Ẹ gba Èmùré-Ilé, Ùsò àti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ dé Àkúrẹ́, kí ẹ kọjá sí Ìdànrè. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kó tó di aago méjì. Ẹ sùn ní Àkúrẹ́.

Ọjọ́ kẹta: Àkúrẹ́ sí Ìgbàrà-Òkè, dé Ìkogòsì. Ẹ wẹ̀, ẹ sinmi. Tí àyè bá wà, ẹ lọ wo Arìnta. Ẹ sùn ní Ìkogòsì.

Ọjọ́ kẹrin: Erin-Ìjẹ̀ṣà láàárọ̀. Ẹni tó ń lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn á gba Iléṣà kọjá. Ẹni tó ń padà sí Ọ̀wọ̀ á gba Àkúrẹ́, kó sì rí i pé òun ti wọlé kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó kọjá.

ÌGBÀ WO LÓ DÁA?

Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, ilẹ̀ gbẹ, Ìdànrè ò yọ̀, àmọ́ ọyẹ́ lè bo ojú ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ wò. Oṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá ni ìsun omi máa ń lágbára jù, àtẹ̀gùn òkè sì máa ń yọ̀ nígbà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ Igogo àti ìsun omi pọ̀, oṣù Kẹsàn-án ni tiẹ̀, kó sì mú agbòjò dání.

Ọ̀RỌ̀ ÀÀBÒ: Ẹ MÁ FÒ Ó

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èyí mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adéùsì, ń ti ìpàdé àwọn ọba bọ̀ láti Àkúrẹ́. Àwọn agbébọn dá ọkọ̀ wọn lọ́nà ní Ẹlẹ́gbẹ́ka, wọ́n sì yìnbọn pa ọba. Lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ júwe fún yín yẹn ni. Lóṣù Kìíní ọdún 2021, Gómìnà Rótìmí Akérédolú, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀, ní kí àwọn darandaran kúrò nínú igbó ọba ìpínlẹ̀ náà láàárín ọjọ́ méje. Ọ̀rọ̀ yẹn di àríyànjiyàn jákèjádò Nàìjíríà. Nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn apànìyàn wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa ogójì èèyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí kan àwọn ọmọdé.

Àmọ̀tẹ́kùn tí ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá jọ gbé kalẹ̀ lóṣù Kìíní ọdún 2020 ń ṣọ́ igbó àti ọ̀nà. Wọ́n ń gbìyànjú. Síbẹ̀, ìdílé tó fẹ́ gbádùn ìsinmi gbọ́dọ̀ ní òfin tiẹ̀. Tèmi rèé:

• Ẹ má rin ìrìn òru. Kí ẹ ti wọlé kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ tí ó sì ti ń lọ sí aago mẹ́rin, ìlú tó súnmọ́ yín jù ni kí ẹ sùn.
• Ẹ má sùn sínú ọkọ̀ tàbí tẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tàbí nínú igbó ọba. Fún Ọ̀sẹ̀ lásìkò yìí, ọ̀sán nìkan ni, kí ẹ lọ kí ẹ bọ̀ lọ́jọ́ kan náà.
• Kí ẹ tó gba ọ̀nà Ìfọ́n, ẹ pe ẹni tó ń gbé níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń gbé ní Èkó tó ní òun mọ ibẹ̀. Ẹ bi àwọn dírẹ́bà ní páákì Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú. Tí wọ́n bá mi orí, ẹ yí padà, ẹ má bá wọn jiyàn.
• Ẹ má gbé ibi tí ẹ wà sórí Facebook tàbí Instagram títí ẹ ó fi kúrò níbẹ̀. Fọ́tò ò ní bàjẹ́.
• Ẹ fi orúkọ ìlú tí ẹ máa kọjá àti nọ́ńbà ọkọ̀ yín ránṣẹ́ sí ẹnìkan nílé. Kí ẹni yẹn mọ aago tí ẹ máa pè é, kó sì mọ ohun tó máa ṣe tí ẹ ò bá pè.
• Ẹ tọ́jú 112 fún pàjáwìrì àti 122 ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Kí àwọn ọmọ tó lè lo fóònù náà mọ̀ ọ́n lórí.

OWÓ, ÌDỌ̀TÍ ÀTI ÌWÀ ÀLEJÒ

Owó epo, owó ọkọ̀, owó ibùsùn, owó ìwọlé, owó afinimọ̀nà: márùn-ún yìí ni ẹ máa kà. Ẹ pe ibi tí ẹ fẹ́ sùn kí ẹ tó lọ, kí ẹ béèrè iye tí gbogbo ẹ̀ máa jẹ́, ti ìdáná àti ti ọkọ̀ pẹ̀lú. Níbi ìwọlé, ẹ gba rìsíìtì. Ẹni tí ò bá ní rìsíìtì tó ní kí ẹ san owó kan, ẹ rọra bi í pé ta ló rán an, kí ẹ má sì bá a jà.

Ẹ máa gbé báàgì ìdọ̀tí dání. Gbogbo ike omi tí ẹ bá gbé gòkè ni kí ẹ gbé sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má da ọṣẹ sínú omi ìsun, àwọn kan ń mu ún nísàlẹ̀. Àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ máa na ọwọ́ sí yín lójú ọ̀nà. Ẹ má ra akika o. Òfin dáàbò bò ó, ó sì ń tán lọ nínú igbó wa.

KÍ LÓ DÉ TÍ MO FI Ń DA ARA MI LÁÀMÚ?

Nítorí mo mọ ọmọ Ọ̀wọ̀ tó ti dé Dubai lẹ́ẹ̀mejì tí ò mọ ibi tí Igbó'Lájà wà. Mo mọ ọmọ Ìfọ́n tó bí ọmọ mẹ́ta sí Èkó, tí ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ náà ò tíì fojú rí ilé bàbá wọn, nítorí ẹ̀rù ọ̀nà. Mi ò dá a lẹ́bi. Àmọ́ ọ̀nà tí ará ilé bá ti sá fún, àwọn tí ò yẹ ló ń jogún ẹ̀. Ìyá tó ń ta ọsàn ní ẹsẹ̀ òkè, ọmọkùnrin tó ń fini mọ̀nà, ẹni tó ń gbá ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé, gbogbo wọn ń wo ojú ọ̀nà bóyá ẹnìkan á wá.

Nítorí náà, ẹ wá. Ẹ wá lọ́sàn-án, ẹ wá pẹ̀lú táyà ìpààrọ̀ tó le, ẹ wá lẹ́yìn tí ẹ bá ti pe onílé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ọ̀wọ̀ àti Ìdànrè. Ẹ jẹ́ ká máa béèrè lọ́wọ́ ìjọba pé ìgbà wo ni ọ̀nà Ọ̀sẹ̀ máa dáa débi tí ìdílé á fi lè pa tẹ́ǹtì lẹ́bàá odò yẹn, kí ilẹ̀ sì mọ́ bá wọn láyọ̀. Ọjọ́ tí ìyẹn bá ṣeé ṣe, màá padà wá tún àpilẹ̀kọ yìí kọ, èmi ni màá sì kọ́kọ́ gbé ẹní lọ síbẹ̀.

Tí ẹ bá ti lọ tí ẹ sì dé, ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ sọ bí ọ̀nà ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹ gbà á, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín lè mọ ohun tó máa bá.